Diverter Valve fún Tọ́bò àti fún Ṣáwà: Èyí Tó Yẹ Ká Rà, Èyí Tó Yẹ Ká Fi Sílẹ̀

Bí Golf, Passat tàbí Audi onítọ́bò bá ń sọ agbára nù, tí iná check engine sì tàn, diverter valve ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kọ́kọ́ máa ń ní kí onímọ́tò lọ rà. Ìgbà mìíràn wà tí owó náà ń lọ síbi tó yẹ. Ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé páìpù rọ́bà kan tó ya ló jẹ̀bi: fáàfù tuntun yóò wọlé, ọkọ̀ yóò sì máa ṣe bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mẹ́ta nínú àwọn fáàfù yìí la gbé yẹ̀ wò níbí: èyí tó wà fún ẹ́ńjìnnì 1.8T, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 06H 145 710 D fún ẹ́ńjìnnì 2.0, àti DV+ tí ilé-iṣẹ́ GFB ní Ọsirélíà ń ṣe. A ó kan ti balùwẹ̀ náà, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ibi tí wọ́n sì ti ń bàjẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà: ohun kékeré tó ń dí ihò, tí kò sẹ́ni tó ń bèèrè nípa rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dúnàá dúrà.

Diverter ò ju ọlọ́pàá tó dúró sí oríta lọ. Ohun tó ń bọ̀ ti ń bọ̀ ná, ìbáà jẹ́ omi tàbí afẹ́fẹ́. Òun ló ń sọ ọ̀nà tó máa gbà.

Nínú tọ́bò, èéfín tó ń jáde láti ẹ́ńjìnnì ló ń yí abẹ̀bẹ̀ kan. Abẹ̀bẹ̀ yìí wà lórí ọ̀pá kan náà pẹ̀lú èkejì, èkejì ló sì ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, tó ń kì í, tó ń tì í lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń pè ní throttle wà lójú ọ̀nà. Bí awakọ̀ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí accelerator láti yí jíà, ilẹ̀kùn yìí á pa dé, ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ ò ní dúró. Á ṣì máa kì afẹ́fẹ́ bọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ti wà lójú ọ̀nà á kọlu ilẹ̀kùn, á ṣẹ́rí padà, á sì dojú kọ abẹ̀bẹ̀ tó ń tì í bọ̀. Ibẹ̀ ni ariwo tu-tu-tu-tu ti ń wá. Ariwo nìkan kọ́ o. Ó ń fa eré ọ̀pá náà sílẹ̀, ó sì ń ti ọ̀pá síwá sẹ́yìn lórí bíárìn tó gbé e dúró. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni diverter ń ṣí fún afẹ́fẹ́ yẹn. Ó ń dá a padà sínú páìpù tó wà ṣáájú abẹ̀bẹ̀, kó máa yí po níbẹ̀ títí throttle yóò fi tún ṣí. Bí awakọ̀ bá tún tẹ accelerator, fáàfù á pa dé, agbára á sì tètè dé nítorí pé eré ọ̀pá ò tíì lọ sílẹ̀ púpọ̀.

Ẹ má ṣe kà á mọ́ wastegate. Ọ̀dọ̀ èéfín ni wastegate ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀: ó ń jẹ́ kí èéfín díẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ abẹ̀bẹ̀ kọjá, kí tọ́bò má bàa kì afẹ́fẹ́ kọjá àlà. Ẹni tó bá dé ọjà Ládípọ̀ tó kàn sọ pé "fáàfù tọ́bò" lòun ń wá lè gba èyí tí kò bá a mu. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ mú lọ, ẹ mú ògbólógbòó náà dání tó bá ṣeé ṣe.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí 1.8T, èyí tó wà nínú Passat B5, Golf 4 àti Audi A4 ayé ìgbà náà. Fáàfù tirẹ̀ dá dúró, ike ni, ẹnu méjì tó fẹ̀ ní mìlímítà 25 ló ní, kílíìpù ló sì ń mú un mọ́ páìpù rọ́bà. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lórí rẹ̀ tó ń lọ sí ẹ̀yìn throttle. Kò lo iná mànàmáná fúnra rẹ̀. Nígbà tí throttle bá pa, ẹ́ńjìnnì á máa fa afẹ́fẹ́ níbi tí kò sí, ìfà yẹn á gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ fa awọ rọ́bà inú fáàfù sókè, ọ̀nà á sì ṣí. Nígbà tí tọ́bò bá ń kì, páìpù kan náà á gbé agbára afẹ́fẹ́ wá, á sì bá sípíríǹgì ti awọ náà pa. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 06A 145 710 N la fọwọ́ sí. Kò wọ́n bíi ti alumíníọ̀mù tó ń dán, ó sì ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ọkọ̀ tí wọn ò tíì fi kún agbára rẹ̀ nílò.

Ìdánwò rẹ̀ rọrùn gan-an, ẹ sì lè ṣe é níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ ki ìka bọ ẹnu ìsàlẹ̀, ẹ ti àwo inú rẹ̀ sókè. Ẹ fi ìka kejì dí imú tẹ́ẹ́rẹ́ òkè pinpin, kẹ́ ẹ wá yọ ìka ìsàlẹ̀. Ó yẹ kí àwo náà dúró sókè níbẹ̀ títí ẹ ó fi ṣí imú náà. Bó bá ti ń já bọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀, awọ ti ya, ẹ dá a padà fún un. Nítorí èyí ni a ò ṣe gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra ti Belgium fún irú fáàfù yìí. Rọ́bà tó ti jóná lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ẹlòmíràn fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó tún dùbúlẹ̀ nínú kọ̀ńténà, lè yege lónìí kó sì fọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí ẹ bá ń tú u, ẹ sàmì sí bó ṣe kọjú kẹ́ ẹ tó yọ kílíìpù. Ẹ sì wo páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ náà dáadáa, nítorí ó máa ń ya níbi tó ti wọ imú fáàfù, àmì àìsàn kan náà ló sì máa ń mú wá.

Ọ̀rọ̀ 2.0 ló gùn jù. Lórí Golf 5 GTI, Passat B6, Jetta àti Audi tó bá wọn rìn, fáàfù ò dá dúró mọ́. Wọ́n fi bóòtù mẹ́ta dè é mọ́ ara tọ́bò gan-an, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló sì ń fi iná ṣí i. N249 ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àtúnṣe Volkswagen. Awọ rọ́bà ni àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní, awọ yẹn sì ń ya, pàápàá lórí ọkọ̀ tí wọ́n ti yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí tọ́bò lè máa kì jù. Bó bá ti ya, afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ṣẹ̀ṣẹ̀ kì á máa sá padà sẹ́yìn nígbà tó yẹ kó wọ ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ á wúwo lórí òkè, sikánà, ẹ̀rọ tí mẹkáníìkì fi ń ka àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, á sì sọ pé P0299, ìyẹn ni pé tọ́bò ò kì tó.

Nínú 06H 145 710 D, wọ́n yọ awọ rọ́bà kúrò, wọ́n fi písítìn ike rọ́pò rẹ̀. Ẹ yí i dojú dé: bí ẹ bá rí awọ dúdú tó tẹ̀ bí ìka bá kàn án, ti àtijọ́ ni, bó bá jẹ́ ohun líle róbótó ló ń wọlé tó ń jáde, ti D nìyẹn. Nọ́ńbà ara fáàfù fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà, ẹ má fi ti páálí ṣe. Kò sí ohun tó máa ya nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òun la máa kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é. Àléébù rẹ̀ ni pé písítìn náà ò dí ihò pinpin tó bí awọ tuntun ṣe ń dí i. Ọ́ìlì tó ń bá èéfín inú ẹ́ńjìnnì wá tún máa ń lẹ̀ mọ́ ọn títí tí á fi máa lọ́ra. Bí ẹ bá ti tú u, ẹ fi ìka tẹ písítìn náà wọlé: ó gbọ́dọ̀ wọlé láìsí ìdènà, kó sì ta padà lójú ẹsẹ̀. Bó bá ń fà, ẹ nù ún mọ́. Bó bá ṣì ń fà lẹ́yìn ìyẹn, ó tó pààrọ̀.

DV+ ti GFB, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ T9351 fún àwọn ọkọ̀ yìí, gba ọ̀nà mìíràn. Ara rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, písítìn rẹ̀ náà jẹ́ irin, ṣùgbọ́n kọ́ìlì iná tó wà lára fáàfù àtijọ́ yín ni yóò máa lò. Kọ́ìlì náà ò ní máa fa písítìn fúnra rẹ̀ mọ́. Ihò tóóró kan ló máa ń ṣí kí afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn písítìn jáde, agbára afẹ́fẹ́ tọ́bò fúnra rẹ̀ ló wá ń ti písítìn ṣí. Ohun tí èyí mú wá ni pé bí afẹ́fẹ́ tó fẹ́ jáde bá ṣe pọ̀ tó ni fáàfù ṣe ń ṣí tó, ó sì máa ń dí dáadáa nígbà tí tọ́bò bá ń kì gidi. Lórí ọkọ̀ tí wọ́n ti fi kún agbára rẹ̀, a rò pé ó tó owó rẹ̀. Lórí ọkọ̀ tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn, ìyàtọ̀ tí awakọ̀ máa rí ò tó nǹkan, owó rẹ̀ sì ju ti ilé-iṣẹ́ lọ.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í sábà sọ. Bó bá jẹ́ kọ́ìlì iná ló kú, DV+ ò wo nǹkan kan sàn, nítorí kọ́ìlì yẹn náà lẹ ṣì máa lò. Sikánà á sọ fún yín: P0033, P0034 tàbí P0035 ń tọ́ka sí wáyà àti iná fáàfù, nígbà tí P2261 ń tọ́ka sí fáàfù tó há tàbí tí kò ṣí bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá rí èyíkéyìí nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹ kó kọ́kọ́ wo ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà, kó wá fi iná fóòtì 12 kan kọ́ìlì náà ní ìṣẹ́jú àáyá kan péré, kó gbọ́ bóyá ó dún "kà". Bí kò bá dún, odindi fáàfù ilé-iṣẹ́ ni kó lọ rà.

Kẹ́ ẹ tó náwó lórí èyíkéyìí, ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde. P0299 ò dárúkọ diverter, ó kàn ń sọ pé agbára ò pé ni. Ẹ kọ́kọ́ wo gbogbo páìpù rọ́bà láti tọ́bò dé intercooler (ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ tí tọ́bò kì tutù), láti ibẹ̀ dé throttle. Ẹ tẹ̀ wọ́n, kí ẹ wo abẹ́ kílíìpù, níbi tí ọ́ìlì bá ti rin lára páìpù ni kẹ́ ẹ fura sí. Bí mẹkáníìkì bá ní ohun èlò tí wọ́n fi ń ti afẹ́fẹ́ wọlé, bar 1 ti tó. Kó fi omi ọṣẹ pa àwọn ojú ìsopọ̀, ibi tó bá ń hó ni arùn wà. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan diverter, àti fáàfù N75 tó ń darí wastegate. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń ṣe é ní ìdàkejì nítorí pé fáàfù rọrùn ju páìpù lọ láti pààrọ̀.

Ó sì rọrùn lóòótọ́, bí ọwọ́ bá lè dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí tọ́bò tutù pátápátá. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí stand, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáákì nìkan rárá. Ẹ yọ ike tó bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Fáàfù wà lápá ọ̀tún lára tọ́bò. Ẹ fa ṣọ́kẹ́ẹ̀tì iná yọ, ẹ fi Allen key mìlímítà 5 tú bóòtù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó wà lápá òkè kì í rọrùn. Allen key kúkúrú tàbí èyí tí orí rẹ̀ rí róbótó ló ń gbà á. Ẹ nu ojú tí fáàfù ń jókòó lé, kí yanrìn má ṣe kù síbẹ̀. Ẹ ṣàyẹ̀wò òrùka rọ́bà, ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á lára, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ mú bóòtù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé kẹ́ ẹ tó fún èyíkéyìí le. Díẹ̀díẹ̀ ni, láti ọ̀kan dé èkejì. Ike ni ara fáàfù, ẹni tó bá fi gbogbo agbára ìjà fún un á gbọ́ bó ṣe ń sán, àtúnrà sì nìyẹn.

Àwọn kan wà tí wọn ò wá nǹkan mìíràn ju "pṣṣṣ" lọ. Wọ́n ń ra àwo kan tí wọ́n ń fi sáàárín fáàfù àti tọ́bò kí afẹ́fẹ́ lè máa jáde síta dípò kó padà sínú páìpù. A ò fọwọ́ sí i fún ọkọ̀ tó ń fi sẹ́ńsọ̀ MAF wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Kọ̀ǹpútà ti ka afẹ́fẹ́ yẹn mọ́ èyí tó máa wọ ẹ́ńjìnnì, ó sì ti wọn epo sílẹ̀ dè é. Bí afẹ́fẹ́ bá ti lọ síta, epo á pọ̀ jù, èéfín dúdú á jáde, ọkọ̀ sì lè máa gbọ̀n tàbí kó kú nígbà tó bá fẹ́ dúró. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju eje lọ, káńtálítíìkì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú páìpù ẹ̀yìn ọkọ̀, ló sì ń jìyà epo àpọ̀jù yẹn nígbẹ̀yìn.

Ó ku ti balùwẹ̀. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù lọ́jà ohun èlò omi bíi Odúnadé ní Orílé. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ní kókó kan lórí imú ẹ̀rọ omi: ẹ fà á sókè, ilẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀ á dí imú, omi á wá gba òkè lọ sí ṣáwà. Agbára omi fúnra rẹ̀ ló ń gbé kókó náà dúró. Bí ẹ bá ti ti omi, á já bọ̀ wálẹ̀. Èkejì jẹ́ èyí tí ẹ ń yí lọ yí bọ̀, tó ń dúró síbi tẹ́ ẹ bá yí i sí.

Àwọn tó ń ta ọjà ò sábà bèèrè ibi tí táǹkì oníbàárà wà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí gbé wà. Omi gbọ́dọ̀ ga tó mítà 10 kó tó fúnni ní agbára bar 1. Táǹkì tó fi mítà 3 ga ju ṣáwà lọ ò lè fúnni ju bar 0.3 lọ, páìpù àti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ á sì tún jẹ lára ìyẹn. Lábẹ́ agbára tó kéré báyìí, kókó tí wọ́n ń fà sókè lè máa já bọ̀ wálẹ̀ lórí ẹni tó ti fọṣẹ sójú. Ilé tí kò bá ní pọ́ńpù tó ń fún omi ní agbára, èyí tí wọ́n ń yí lọ yí bọ̀ ni kí wọ́n rà, láìro ẹ̀ẹ̀mejì.

Bí ṣáwà bá ń ṣe wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí omi ṣì ń dà nísàlẹ̀, ìdí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ rọ́bà ilẹ̀kùn tó ti jẹ tàbí ẹfun omi tó dì mọ́ ọn. Ẹ lè wọ̀n ọ́n. Ẹ ṣí ṣáwà, ẹ gbé ife sábẹ́ imú ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú kan. Òfin ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà sọ pé omi tó ń jò lára diverter imú ẹ̀rọ tuntun ò gbọdọ̀ ju gálọ̀nù 0.01 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn bíi mìlílítà 38, àti pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí i tí wọ́n sì pa á nígbà 15,000, kò gbọdọ̀ ju gálọ̀nù 0.05 lọ, ìyẹn bíi mìlílítà 190. Bí ti yín bá ju ife tíì kan lọ, ó ti tó tú. Ẹ ti omi, ẹ tú u, ẹ rẹ irin rẹ̀ sínú fínígà mọ́jú, ẹ pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. Gíríìsì sílíkónì ni kẹ́ ẹ fi pa rọ́bà. Vaseline máa ń mú kí ọ̀pọ̀ rọ́bà inú ẹ̀rọ omi wú, lẹ́yìn náà kókó ò ní ṣeé fà mọ́.

Tí ẹ bá ń rà á, ìwúwo ni kẹ́ ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Idẹ wúwo, ó sì ń pẹ́. Síńkì tí wọ́n fi kúróòmù bò fúyẹ́, ojú ìsopọ̀ rẹ̀ sì ń tètè ṣẹ́ mọ́ inú ògiri. Mágínẹ́ẹ̀tì ò ràn yín lọ́wọ́ níbí, kì í mú idẹ, kì í mú síńkì. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń ta kátíríìjì inú rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí wọn ò bá ní, ẹ wá òmíràn, nítorí pé lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́, tháìlì lẹ máa fọ́ láti pààrọ̀ ohun tí kò tó ìka méjì. Bí omi yín bá jẹ́ ti bọhóòlù tó ń gbé yanrìn wá, kí pọ́ḿbà ṣí páìpù lófìfo fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó de ẹ̀rọ tuntun mọ́ ọn.

Fún àwọn tó wà ní ìlú Ọba, diverter tó ń yọ wọ́n lẹ́nu jù wà nínú bọ́ílà combi, èyí tó ń gbóná omi ìlò àti rédíétọ̀ ilé pọ̀. Bí ẹnìkan bá ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná, fáàfù yìí ló ń darí ooru kúrò lọ́dọ̀ àwọn rédíétọ̀, tó ń dá a sọ́dọ̀ omi tí wọ́n fẹ́ lò. Bó bá há, omi lè máà gbóná àfi tí hítà ilé bá wà ní títàn, tàbí kí rédíétọ̀ máa gbóná nínú oṣù Keje, ìgbà ooru tiwọn, nígbà tí wọ́n ń wẹ̀. Ẹ má ṣí bọ́ílà fúnra yín. Ẹni tó wà lórí ìwé Gas Safe, ìwé orúkọ àwọn oníṣẹ́ gáàsì tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀, ni kẹ́ ẹ pè, kẹ́ ẹ sì ní kó fi káàdì rẹ̀ hàn. Ẹ bi í bóyá mọ́tò fáàfù nìkan ló kú, nítorí lórí ọ̀pọ̀ bọ́ílà, wọ́n ń ta mọ́tò yẹn lọ́tọ̀, ó sì dínwó púpọ̀ sí odindi fáàfù. Bó bá sì jẹ́ ìdọ̀tí dúdú inú rédíétọ̀ ló há a, ẹ má sanwó fáàfù tuntun fún ẹni tí kò ní fọ omi inú páìpù mọ́ kó sì fi fílítà onímágínẹ́ẹ̀tì sí i, nítorí ìdọ̀tí kan náà ló máa tún há tuntun.